Ewúro, ìṣápá àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru: ṣé kí Màmá fi tilé ìwòsàn sílẹ̀?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Ọmọ Ìjerò

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹni ọdún 68 ni Màmá mi, Ìjerò-Èkìtì ni wọ́n sì ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru; ní ọdún tó kọjá ni àtọ̀gbẹ tún kún un. Oògùn mẹ́ta ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Ní oṣù tó kọjá, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì fún wọn ní ìwé kan tí ó tẹ̀ láti orí WhatsApp. Ìwé náà ní gbogbo èròjà tí ń bẹ nínú oògùn òyìnbó ló wà nínú ewé àti èso wa, pé àwọn dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń wá. Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń mu omi ewúro ní òwúrọ̀ àti sóbò ní ọ̀sán, tí wọ́n sì ń jẹ orógbó kí wọ́n tó sùn. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n sọ fún mi lórí fóònù pé ara àwọn ti yá, pé àwọn fẹ́ dáwọ́ oògùn dúró. Ṣé òótọ́ ni ohun tí ó wà nínú ìwé náà àbí irọ́? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, kí ni a ṣì ń ra oògùn fún? Bí ó bá sì jẹ́ irọ́, kí ló dé tí ara Màmá fi yá? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi "ẹ lọ bá dókítà" nìkan dá mi lóhùn. Mo ti gbọ́ ìyẹn.

* * *

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́

Ọmọ Ìjerò, òótọ́ wà nínú ìwé náà, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu rẹ̀ wà. Irọ́ pọ́ńbélé kì í mú àgbàlagbà da oògùn rẹ̀ nù. Mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ìyá mi àgbà sì jẹ́ ẹlẹ́wé-ọmọ ní ọjà Ìkẹ́rẹ́, nítorí náà ẹsẹ̀ mi kan wà nínú yàrá àyẹ̀wò, èkejì sì wà nídìí agbọ̀n ewé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú àpò oògùn Màmá fúnra wọn. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ ní ilẹ̀ yìí, ó ṣòro kí metformin má sí nínú ohun tí ó ń lò. Ìtàn oògùn yìí bẹ̀rẹ̀ láti ara koríko kan tí ń hù ní Yúróòpù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Galega, tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń lò láti ayé àtijọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ inú rẹ̀ wò, wọ́n rí èròjà kan tí wọ́n pè ní galegine, tí ó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ó ní oró: àgùntàn tí ó bá jẹ koríko náà yó lè kú. Wọ́n wá àwọn ìbátan rẹ̀ tí oró wọn kò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe metformin ní 1922, síbẹ̀ ó di 1957 kí dókítà ará Faransé kan, Jean Sterne, tó gbé ìròyìn jáde nípa lílò rẹ̀ fún àwọn aláìsàn àtọ̀gbẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó sọ pé inú ewé ni oògùn ti wá kò purọ́. Ohun tí ìwé Màmá fò dá ni ọdún 35 tí ó wà láàárín 1922 àti 1957, àti àwọn àgùntàn tí ó kú.

Ní ti ìbéèrè rẹ pé kí ló dé tí ara wọn fi yá, tún ìbéèrè tìrẹ kà. Nígbà tí ara wọn yá yìí, wọ́n ṣì ń lo oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ta ni yóò wá sọ èyí tí ó ṣiṣẹ́ nínú oògùn àti ewé? Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn títí ọjọ́ tí yóò fi gbé e ṣubú, nítorí náà ẹ̀rọ ìfúnpá, èyí tí a fi ń wọn agbára ẹ̀jẹ̀, ni kí a bi, kí a má bi ara. Kọ orúkọ oògùn náà wá, kí o sì bẹ Màmá pé kí wọ́n má tíì dáwọ́ rẹ̀ dúró.

* * *

Bàbá Ẹ̀fọ̀n kọ ọ́ sókè yìí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Wọ́n ní àwọn baba wa kò ní òṣùwọ̀n kankan, wọ́n kàn já ewé, wọ́n sè é, wọ́n mu ún, wọ́n sì dàgbà darúgbó. Ènìyàn mẹ́rin ti gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹ má bínú, Bàbá, n kò gbà.

Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé agbọ̀n tẹ̀lé ìyá mi àgbà lọ sí ọjà. N kò rí ọjọ́ kan tí wọ́n ta ewé àgbo láìbéèrè ẹni tí yóò mu ún. Ṣé ọmọdé ni? Ọmọ ọdún mélòó? Ṣé abiyamọ ni, àbí aboyún? Bí ó bá jẹ́ aboyún, àwọn ewé kan wà tí wọ́n máa ń yọ kúrò, tí wọ́n á sì fi wọ́n sábẹ́ agbọ̀n kí oníbàárà má baà ṣèèṣì mú un. Okùn kan náà ni wọ́n fi ń di gbogbo ìdì ewé; ibi tí okùn bá parí sí ni ewé parí sí. Ìdì kan fún ìkòkò kan, ahá kékeré kan ní òwúrọ̀, òmíràn ní alẹ́, nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ kẹta, a ó da ìyókù nù. Bí èyí kò bá jẹ́ òṣùwọ̀n, ẹ sọ ohun tí òṣùwọ̀n jẹ́ fún mi.

Wọ́n ní òfin iná pẹ̀lú. Wọn kì í jẹ́ kí efinrin hó láìbo ìkòkò. Mo rò pé àṣà lásán ni, àfi ìgbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo kà á pé thymol, èròjà apakòkòrò tí ń bẹ nínú efinrin, a máa bá ooru omi gbígbóná fò lọ. Ẹni tí ó ṣí ìkòkò sílẹ̀ ti fún àjà ilé ní àgbo mu. Àwọn egbò kíkorò kan sì wà tí wọn kì í fi omi lásán rẹ: omidùn ni, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èròjà kíkorò tí onímọ̀ ń pè ní alkaloid kì í fẹ́ yọ́ sínú omi lásán, ṣùgbọ́n bí omi bá ti kan, wọ́n á jáde. Ìyá mi àgbà kò gbọ́ orúkọ alkaloid rí láyé wọn, ṣùgbọ́n omidùn wọn mọ̀ ọ́n.

Irú òfin iná yìí ló wà nídìí ẹ̀bùn Nobel tí ará Ṣáínà kan, Tu Youyou, gbà ní 2015. Oògùn ibà ni obìnrin yìí ń wá nínú ewé kan tí ń jẹ́ Artemisia annua. Ó ń sè é, ó ń ṣiṣẹ́ lónìí, kò ṣiṣẹ́ lọ́la. Ó padà lọ ka ìwé tí oníṣègùn kan, Ge Hong, ti kọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, ó sì rí i pé bàbá náà kò sọ pé kí a sè é rárá: kí a fi omi rẹ ẹ́, kí a fún un, kí a mu ohun tí ó bá jáde. Iná ló ń ba èròjà náà jẹ́. Nígbà tí ó fi ether, tí kì í gba ooru púpọ̀ kí ó tó hó, yọ ọ́, artemisinin jáde, òun náà ló sì wà nínú oògùn ibà tí gbogbo wa ń rà ní kẹ́místì.

Nítorí náà, Bàbá Ẹ̀fọ̀n, àwa tí a ń gbé lónìí ni a sọ ìwọ̀n nù. Orúkọ ewé ni ó kù lẹ́nu wa. "Ewúro dára fún ṣúgà": ewé mélòó, ní tútù tàbí ní gbígbẹ, fún ta ni, fún ọjọ́ mélòó, kí ni onítọ̀hún ń lò mọ́ ọn? Ìyá mi àgbà kò ní ta irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

* * *

Ọmọ Ọ̀yẹ́ ní kí n dárúkọ ewé kan ṣoṣo tí wọ́n ti wọn ìwọ̀n rẹ̀ lára ènìyàn. Ìṣápá ni n óò mú, nítorí pé òun ni Màmá ń mu.

Àwa ará Èkìtì mọ ìṣápá nínú ọbẹ̀. Èyí tí ó funfun ni a ń bọ̀, tí a ń fún ìkan rẹ̀ dànù, tí a sì ń fi ẹ̀gúsí sè láti fi jẹ iyán. Èyí tí ó pupa ni a ń rẹ tàbí sè fún sóbò, àwọ̀ pupa rẹ̀ sì ti ara ìdílé èròjà kan tí a ń pè ní anthocyanin wá. Ní 2010, Diane McKay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìdánwò kan jáde lórí rẹ̀. Ènìyàn 65 tí ìfúnpá wọn ga díẹ̀, tí wọn kò sì lo oògùn fún un, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń mu omi ìṣápá pupa ní ife mẹ́ta lójúmọ́, mìlílítà 240 ní ife kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Apá kejì ń mu omi mìíràn tí wọ́n fi àwọ̀ àti adùn sí kí ó lè jọ ọ́. Nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá àwọn tí ó mu ìṣápá fi 7.2 wálẹ̀, ti àwọn tí ó mu ayédèrú fi 1.3 wálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà méjèèjì ló ń sọ̀rọ̀. Omi tí kò ní nǹkan kan nínú náà mú ìfúnpá wálẹ̀ díẹ̀, bóyá nítorí pé ọkàn àwọn tí ó mu ún balẹ̀. Èyí náà lè wà nínú ìdí tí ara Màmá fi yá. Ìṣápá fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó ju ayédèrú lọ, inú mi sì dùn sí i bí ọmọ Èkìtì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ní ibi tí ó mọ. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 135 lè tipa bẹ́ẹ̀ dé 128, kí ó sì máa dúpẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 180, bí ó bá tilẹ̀ rí iye kan náà, 173 ni yóò wà, rọpárọsẹ̀ kò sì tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn tí ìdánwò náà sì lò kì í ṣe irú Màmá, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru fún ọdún mẹ́fà.

Ohun méjì kékeré kù. Sóbò inú ìgò tí wọ́n ń nà sí ènìyàn lójú fèrèsé ọkọ̀ ní Adó kì í ṣe ohun tí wọ́n mu nínú ìdánwò yẹn. Ṣúgà inú rẹ̀ nìkan tó láti bá àtọ̀gbẹ dọ́rẹ̀ẹ́. Èkejì ni pé ní 1994, àwọn onímọ̀ ní Sudan, níbi tí omi ìṣápá pupa ti jẹ́ ohun mímu gbogbo ilé, rí i pé bí ènìyàn bá fi í lo chloroquine, èyí tí ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ nínú oògùn náà ń dín kù gan-an. Omi lásán ni kí ẹ fi máa lo oògùn.

* * *

Ọ̀rọ̀ orógbó kò ní pẹ́. Ní 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu sọ níbi àpéjọ àwọn onímọ̀ ewéko kan ní St. Louis pé èròjà láti inú orógbó dá kòkòrò Ebola dúró. Inú yàrá àyẹ̀wò ni, kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje, 2014, gbogbo wa rántí orógbó, a gbàgbé yàrá àyẹ̀wò. Ènìyàn 20 ni ó kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 sì kú nínú wọn, ohun tí ó sì gbà wá ni pé wọ́n tọ ipasẹ̀ gbogbo ẹni tí ó fara kan àwọn aláìsàn, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn lójoojúmọ́. Ohun tí ó ń pa kòkòrò nínú ìgò pọ̀ láyé. Kẹrosíìnì náà ń pa á.

* * *

Ìyá Ìbejì láti Ìṣẹ̀ bínú sí mi. Wọ́n ní ohun tí Ọlọ́run dá sínú igbó kò lè pa ọmọ Rẹ̀, pé kẹ́míkà òyìnbó ló ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ń gbé ní Ìṣẹ̀ tí kò mọ iṣin? Èmi náà jẹ ẹ́ títí tí ètè mi fi ń dán. Ẹ ó rántí ohun tí gbogbo òbí ń pariwo: ẹ má fi ọwọ́ la iṣin, ẹ jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ la lórí igi. Inú iṣin tí kò tíì là ni hypoglycin pọ̀ sí. Èròjà yìí kì í jẹ́ kí ara lè sun ọ̀rá bí epo nígbà tí oúnjẹ bá tán nínú ikùn, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á wá já wálẹ̀, ọmọ á máa bì, á sì sùn lọ. Ní 1998, ọ̀pọ̀ ọmọ kéékèèké kú báyìí ní Burkina Faso nígbà tí wọ́n jẹ iṣin tútù. Ní Jàmáíkà, níbi tí igi náà bá àwọn ẹrú láti ilẹ̀ wa dé, wọ́n ní orúkọ fún àìsàn èébì tí ó ń fà. Bí mo bá fẹ́ kọ tèmi sórí WhatsApp, mo lè kọ ọ́ pé "èso iṣin ń mú ṣúgà wálẹ̀ kíákíá", kò sì sí ẹni tí yóò lè pè mí ní òpùrọ́.

Ẹlòmíràn ni gbágùúdá. Ọmọ Òkè-Mẹ̀sí wa, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ẹni tí ó di ìlú mọ̀ọ́ká nínú ìṣègùn ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí àwọn ènìyàn kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí ìrìn wọn ń ta gẹ́rẹ́gẹ̀rẹ̀, tí ojú àti etí wọn sì ń di. Ó gbé ìwádìí náà jáde ní 1968. Ohun tí ó tọ́ka sí ni cyanide láti inú gbágùúdá tí wọn kò ṣe dáadáa, tí wọ́n sì ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹran tàbí ẹja tó. Kò sí òyìnbó kankan nínú rẹ̀. Àwa tí wọ́n ń fi iyán bú lè rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n àwa náà ń mu gààrí.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ó ń rẹ gbágùúdá fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ẹ ń fún omi rẹ̀ dànù, tí ẹ sì ń yan án, oró ni ẹ ń yọ. Ẹ mọ̀ pé ohun inú igbó lè pa ènìyàn. Ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n ju ẹnu yín lọ.

* * *

Ọmọ Ìjerò béèrè lọ́tọ̀ pé ṣé mo ti mu omi ewúro rí. Mo ti mu ún, mo sì jẹ ìyà rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Èmi náà ní àtọ̀gbẹ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń lo glibenclamide, oògùn kan tí ó máa ń fi ipá mú ara tu insulin, èròjà tí ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan yin omi ewúro fún mi, mo sì fún odidi ife kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo lo oògùn lé e, mo sì gba oko lọ láìjẹun, pẹ̀lú èrò pé n óò jẹ iṣu sísun tí mo bá débẹ̀. Kí n tó kọ ebè mẹ́wàá, òógùn bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àdá jábọ́, ahọ́n mi sì wúwo lẹ́nu. Ọmọkùnrin kan tí ń kórè kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló fún mi ní omi ọsàn mẹ́ta mu. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹlòmíràn ni ìbá máa kọ̀wé yìí.

N kò lè búra pé ewúro nìkan ni. Ẹni tí ó lo glibenclamide tí kò jẹun ti ń bá ewu ṣeré tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ewúro ti mú ṣúgà wálẹ̀ lára eku ní ọ̀pọ̀ ìwádìí, ẹni tí ó bá sì gbé ohun méjì tí ń fa ṣúgà wálẹ̀ lé ikùn òfìfo, kí ó máa retí ohun tí mo rí. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí àwọn ènìyàn fi ń yìn ín, pé ó ń ṣiṣẹ́, ni ó fẹ́ pa mí. Bí ó bá jẹ́ omi lásán ni, ìṣòro mi ìbá kéré.

Ewúro tí a fọ̀, tí a fi se ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Ní 1987, Michael Huffman ń ṣọ́ àwọn ìnàkí ní òkè Mahale ní Tàǹsáníà, ó sì rí abo kan tí ara rẹ̀ kò yá, tí ó bó èèpo ẹ̀ka ewúro, tí ó jẹ inú rẹ̀ lẹ́nu, tí ó fa omi kíkorò náà, tí ó sì tu háhá rẹ̀ dànù. Ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò ní ọjọ́ kejì. Àwọn tí ara wọn dá kì í sábà fọwọ́ kan igi náà. Ìnàkí kì í fún odidi ife mu kí ó sì gba oko lọ.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí èso fi ń bá oògùn jà, tí kò kan ìkorò rárá. Ní 1989, David Bailey ní Kánádà fẹ́ fi omi ọsàn gíréèpù pa ìtọ́wò ọtí mọ́ nínú ìwádìí kan lórí felodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó yà á lẹ́nu pé oògùn náà di ìlọ́po mélòó kan nínú ẹ̀jẹ̀. Èròjà kan nínú ọsàn náà máa ń sé ohun tí ń fọ́ oògùn sí wẹ́wẹ́ nínú ìfun. Ọsàn mímu tí a ń bó jẹ lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lo nifedipine, tí òun náà jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó sì ní igi gíréèpù lẹ́yìnkùlé, kí ó béèrè.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Adó yí ọ̀rọ̀ sí ìbínú: bí èròjà bá wà nínú ewé wa, kí ló dé tí Jámánì àti Ṣáínà fi ń tà á fún wa? Ìbéèrè yìí dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, n kò sì ní ìdáhùn kan tí ó tán.

Àwọn oníṣègùn wa ti ń fi àsófẹ́yẹje tọ́jú wèrè kí wọ́n tó yọ èròjà reserpine, tí ń bẹ nínú ìdílé igi náà, jáde ní Yúróòpù ní 1952. Dókítà kan, Raymond Prince, kọ nípa iṣẹ́ wọn nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Amẹ́ríkà ní 1960. Ní Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1971 pé omi egbò orin àtà, èyí tí àwọn baba wa fi ń rin eyín, máa ń tú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní àìsàn sickle cell, tí ó ti ká bí dòjé, padà nínú àyẹ̀wò. Oògùn fún àwọn tí ó ní àìsàn náà sì jáde ní Àbújá ní 2006, Nicosan, láti inú ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà. Ọwọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá ni àkópọ̀ náà ti wá. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn, ó dín ìrora kù, lẹ́yìn náà ni a ń wá a tì nínú ọjà. Ìmọ̀ kọ́ ni ó wọ́n wa. Owó tí yóò máa ṣe é lọ́dọọdún, kí ìgò èyí àti ìgò ọ̀hún sì jẹ́ ọ̀kan náà, ni kò dúró.

Ẹ wo ara páálí àwọn àgbo tí ó ní nọ́ńbà NAFDAC. Lára ọ̀pọ̀ wọn ni a kọ ọ́ sí pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí oníṣòwò náà ń sọ wò. Nọ́ńbà náà kò jẹ́rìí pé ó ń wo àìsàn sàn. Lẹ́tà ibẹ̀ kéré ni, ẹ fi awò wò ó.

* * *

Ọmọ Ìjerò ti padà wá. Ó ní amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, metformin àti glibenclamide fún àtọ̀gbẹ ni, àti pé Màmá ti fi oògùn sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin kí òun tó dé Ìjerò. Ìfúnpá tí wọ́n wọ̀n ní kẹ́místì lánàá jẹ́ 172 lórí 98. Sóbò àti ewúro kò kúrò lẹ́nu Màmá ní ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ nìyẹn, Màmá fúnra wọn ni wọ́n sì ṣe ìdánwò náà. Má fi í bá wọn jà. Má sì sọ̀rọ̀ sí arábìnrin ṣọ́ọ̀ṣì náà, nítorí pé bí o bá bú ọ̀rẹ́ wọn, oògùn náà ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀. Sọ ìtàn àgùntàn àti koríko Galega fún wọn. Ìyá tí ó bá ti gbọ́ pé metformin ní ewé nínú ìran rẹ̀ kì í sábà bá a ṣọ̀tá mọ́.

Kí wọ́n padà sí oògùn lónìí bí wọ́n ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má sì lo ìlọ́po láti fi dí ọjọ́ mẹ́rin náà, kí o sì mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bí orí bá ń fọ́ wọn gidigidi, tí ojú wọn ṣú, tí àyà ń dùn wọ́n tàbí tí ọwọ́ kan rọ, kí ẹ má dúró de ọ̀la. Nítorí glibenclamide, omi ewúro lórí ikùn òfìfo ti parí. Ewúro inú ọbẹ̀ kò ní wàhálà. Orógbó kan lálẹ́, n kò bá wọn jà sí i, eyín wọn ni kí ó ṣàánú. Ní ti sóbò, kí wọ́n máa mu ún láìsí ṣúgà bí dókítà bá fọwọ́ sí i, kí ó jìnnà sí àkókò oògùn.

Ra ẹ̀rọ ìfúnpá tí a ń wé mọ́ apá, àti ìwé kékeré kan. Kí ọmọ tí ó bá wà nílé wọn ìfúnpá Màmá ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, kí ó sì kọ iye sóbò tí wọ́n mu ní ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbé ìwé yìí àti orúkọ gbogbo ewé tí wọ́n ń lò lọ sí iwájú dókítà, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ má béèrè. Bí ìfúnpá bá wálẹ̀ tí ó sì dúró níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà lè dín oògùn kù, ṣùgbọ́n òun ni yóò dín in kù.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù, ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Wá ife kan tí mìlílítà rẹ̀ wà lára rẹ̀, fún Màmá, kí o sì sọ fún gbogbo ará ilé pé ife sóbò nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fi òmíràn bù ú.